Sísàba Ẹyin Erè Nínú Ilé: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Ìyá Ọmọ Mọ̀

Bí a bá dárúkọ ejò níbi tí àwọn obìnrin pé jọ sí ní ilẹ̀ Yorùbá, kí ọ̀rọ̀ náà tó tán, ẹlòmíràn yóò ti máa wo abẹ́ àga rẹ̀. Ẹni tí ó rí ejò lẹ́yìnkùlé yóò ké sí ọkọ rẹ̀ pé kí ó mú igi wá. Ẹni tí ó ní ọmọ kékeré yóò kọ́kọ́ gbé ọmọ rẹ̀ sá wọ ilé. Kò sí ẹni tí í dúró bèèrè bóyá ejò náà lóró tàbí kò lóró. A kò sì lè bá wọn wí, nítorí ejò tí oró rẹ̀ lè pa ènìyàn kò wọ́n nínú igbó wa.

Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà, ojú mìíràn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wo ejò. Nínú ilé àwọn kan níbẹ̀, ejò ń gbé nínú àpótí onígíláàsì ní pálọ̀ tàbí nínú yàrá ọmọ, bí àwa ti ń sin ajá tàbí ológbò. Wọ́n ń sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n ń bọ́ ọ, wọ́n sì ń gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko bí ara rẹ̀ kò bá yá. Nígbà tí ó bá yé ẹyin, wọn a kó ẹyin náà sínú àpótí tí ó ní ooru, wọn a sì máa ṣọ́ ọ títí yóò fi pa.

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí wa. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ìyá wa ni ó ń tọ́ ọmọ ní Lọ́ńdọ̀n, ní Houston àti ní àwọn ìlú mìíràn lókè òkun. Àwọn ọmọ wọn ń bá ọmọ tí ó ń sin ejò jókòó ní kíláàsì kan náà, ọmọ sì lè ti ilé-ẹ̀kọ́ dé lọ́jọ́ kan kí ó wí pé, "Mọ́mì, ẹ ra ejò fún mi." Ìyá tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ yóò kàn fi igbe ta, ọmọ náà yóò sì rò pé ìbẹ̀rù lásán ni. Ìyá tí ó mọ ìdí ọ̀rọ̀ yóò lè là á yé e, ìbáà gbà, ìbáà kọ̀. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ ṣàlàyé bí wọ́n ti ń mú ejò bí sí i nínú ilé, bí wọ́n ti ń sàba ẹyin rẹ̀, àti ohun tí ó yẹ kí ìyá gbé yẹ̀ wò kí ẹyin àkọ́kọ́ tó wọ inú àpótí.

Ejò tí ó ti ọ̀dọ̀ wa lọ

Ọ̀kan nínú àwọn ejò tí ó gbajúmọ̀ jù lọ lọ́dọ̀ wọn kì í ṣe àjèjì sí wa rárá. Irú erè kékeré kan ni, tí ó ń gbé ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà títí dé àárín Áfíríkà. Ó wà ní Nàìjíríà, ó wà ní Orílẹ̀-èdè Benin, ní Tógò àti ní Gánà. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ fi ń pè é ni Python regius. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní royal python, èyí ni erè ọba. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é ní ball python, nítorí pé bí ẹ̀rù bá bà á, yóò ká jọ rogodo bíi bọ́ọ̀lù, yóò sì fi orí rẹ̀ pamọ́ sí àárín.

Erè ọba kò lóró. Eku ni oúnjẹ rẹ̀ pàtàkì: yóò gbá a mú, yóò wé mọ́ ọn títí ẹ̀mí rẹ̀ yóò fi bọ́, yóò sì gbé e mì lódindi. Kí a má ṣe fi wé erè ńlá inú igbó tí ó lè gbé ewúrẹ́ mì. Abo rẹ̀ tí ó ti dàgbà sábà máa ń gùn tó 90 sí 120 sẹ̀ǹtímítà. Díẹ̀ nínú wọn ni ó ń gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, akọ sì kéré sí abo. Kíkéré rẹ̀ àti ìwà pẹ̀lẹ́ rẹ̀ ni ó jẹ́ kí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Kí abo tó yé

Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà kì í kánjú fi abo sínú ọ̀ràn ìbímọ. Wọn a dúró kí ó tó bí ọmọ ọdún mẹ́ta, kí ó sì wọn 1,500 gíráàmù ó kéré tán. Ìdí rẹ̀ ni pé abo tí ẹyin wà nínú rẹ̀ a máa kọ oúnjẹ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ẹran ara rẹ̀ a sì fà púpọ̀. Bí ó bá ti gbẹ tẹ́lẹ̀, ó lè ṣàìsàn, ó sì lè kú. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ti lóyún rí mọ ohun tí à ń wí.

Wọn a gbé akọ sínú àpótí abo fún ọjọ́ díẹ̀, wọn a tún gbé e kúrò kí àwọn méjèèjì lè jẹun kí wọ́n sì sinmi, wọn a sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Nínú igbó níhìn-ín, nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni akọ àti abo ń pàdé. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti nǹkan bí oṣù Fébúárì títí dé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Épírì, ni abo ń yé, kí ọmọ lè jáde nígbà tí òjò bá tún bẹ̀rẹ̀, tí oúnjẹ sì pọ̀.

Àmì tí wọ́n ń wò ni pé àárín ara abo yóò wú, lẹ́yìn náà yóò sì bọ́ awọ. Nǹkan bí ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn tí ó bá bọ́ awọ yìí ni yóò yé. Ẹyin rẹ̀ lè jẹ́ mẹ́ta, ó sì lè tó mọ́kànlá, ṣùgbọ́n mẹ́fà tàbí méje ni ó wọ́pọ̀. Ẹyin náà funfun, èèpo rẹ̀ kò le bí ti adìyẹ. Ó rọ̀ bí awọ.

Ìyá tí kì í kúrò lórí ẹyin

Nínú igbó, inú ihò tí òkété tàbí eku ti gbẹ́, tàbí inú ògán, ni abo ń yé sí. Bí ó bá ti yé tán, yóò wé ara rẹ̀ yí gbogbo ẹyin ká, yóò gbé orí lé wọn, yóò sì wà níbẹ̀ fún nǹkan bí oṣù méjì. Kì í sábà jẹun ní gbogbo àkókò náà.

Ṣùgbọ́n sísàba rẹ̀ yàtọ̀ sí ti adìyẹ. Ara adìyẹ gbóná fúnra rẹ̀, ooru ara rẹ̀ sì ni ó ń mú ẹyin pa. Ara ejò kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ibi tí ó wà bá ti gbóná tàbí tutù tó ni ara rẹ̀ ń rí. Erè ńlá kan wà ní ilẹ̀ Éṣíà tí abo rẹ̀ ń gbọ̀n ara jìgìjìgì kí ara rẹ̀ lè mú ooru wá fún ẹyin, ṣùgbọ́n erè ọba kì í ṣe èyí. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó dáàbò bo ẹyin, kí ó má sì jẹ́ kí omi inú wọn gbẹ. Bí ìdérí ìkòkò ni ó rí. Nítorí náà, ohun méjì ni ẹyin ejò ń fẹ́: ooru tí kò ga tí kò sì rẹlẹ̀, àti afẹ́fẹ́ tí ó tutù fún omi. Ohun méjì yìí ni àwọn tí ń sin ejò ń gbìyànjú láti pèsè.

Bí wọ́n ti ń sàba rẹ̀ nínú àpótí

Èkíní, wọn a wá àpótí tí kì í jẹ́ kí ooru jáde. Ẹlòmíràn a lo kúlà ńlá, ẹlòmíràn a lo fíríìjì àtijọ́ tí kò ṣiṣẹ́ mọ́. Wọn a ta wáyà ooru sínú rẹ̀, wọn a sì so ó mọ́ ẹ̀rọ tí ń pa iná tí ó sì ń tan án bí ooru bá ti ń ga tàbí tí ó ń rẹlẹ̀. Ìwọ̀n tí wọ́n ń fẹ́ ni 31 sí 32 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Wọn a dán àpótí náà wò fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹyin tó dé, nítorí bí ooru bá ga jù, ọmọ lè kú sínú ẹyin tàbí kí ó jáde pẹ̀lú àbùkù. Ibi tí iná mànàmáná ti ń lọ tí ó ń bọ̀, iṣẹ́ yìí kò lè rọrùn níbẹ̀.

Èkejì, wọn a wá abọ́ oníke tí ó ní ìdérí. Wọn a bu vermiculite sí i, èyí tí í ṣe òkúta fúlẹ́fúlẹ́ tí a ti fi iná sun, tí ó ń fa omi mu bíi kànìnkànìn. Wọn a fi omi pò ó títí yóò fi jẹ́ pé bí a bá fún un lọ́wọ́, yóò dìpọ̀, ṣùgbọ́n omi kò ní kán sílẹ̀. Bí omi bá pọ̀ jù, ẹyin yóò jẹrà. Bí ó bá kéré jù, ẹyin yóò sún kì. Wọn a dé abọ́ náà, wọn a sì máa ṣí i lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tuntun lè wọlé.

Ẹ̀kẹta ni ó yẹ kí ẹni tí ó mọ adìyẹ sìn fi etí sí jù. Adìyẹ a máa yí ẹyin rẹ̀ padà lójoojúmọ́, a sì mọ̀ pé bí kò bá yí i, ọmọ lè lẹ̀ mọ́ èèpo. Ti ejò kò rí bẹ́ẹ̀. Láìpẹ́ lẹ́yìn tí ẹyin ejò bá ti wà nílẹ̀, ọmọ inú rẹ̀ yóò ti so mọ́ apá òkè. Bí a bá dojú ẹyin náà délẹ̀, ọmọ lè kú. Nítorí náà wọn a fi pẹ́ńsù sàmì sí òkè ẹyin kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó gbé e, bí ó ti wà nílẹ̀ ni yóò sì wà títí yóò fi pa. Bí ẹyin méjì bá lẹ̀ pọ̀, wọn kì í fi agbára yà wọ́n.

Ẹ̀kẹrin, wọn a pa iná yàrá, wọn a sì tan tọ́ọ̀ṣì sí ara ẹyin. Bí ó bá lọ́mọ nínú, iṣan pupa tíntìntín yóò hàn nínú rẹ̀. Èyí tí ó kéré, tí ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tí kò sì sí iṣan nínú rẹ̀, òfo ni.

Ọjọ́ tí ẹyin pa

Bí nǹkan bá lọ déédéé, láàárín ọjọ́ 55 sí 60 ni ẹyin yóò pa. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó di ọjọ́ náà, èèpo ẹyin a máa jìn wọnú. Èyí kì í ṣe àmì ikú.

Ọmọ ejò ní eyín kékeré kan ní ṣóńṣó ẹnu tí ó fi ń la èèpo. Yóò yọ orí jáde, yóò wo ayé, yóò sì tún fà á padà sínú. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kí ó lè fa pupa ẹyin tí ó kù wọ ara. Ẹni tí kò ní sùúrù tí ó bá fà á jáde lè pa á. Àwọn àgbà sọ pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ọmọ tí ó bá jáde kò ní ìyá tí yóò tọ́jú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni yóò ti máa dá gbé. Olúkúlùkù gbọ́dọ̀ ní àpótí tirẹ̀, omi tirẹ̀ àti ooru tirẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì yóò bọ́ awọ fún ìgbà àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ni wọn yóò fún un ní ọmọ eku. Òmíràn yóò jẹ, òmíràn yóò kọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ ó rí i pé kí ẹyin pa kò ju ọ̀ràn ooru, omi àti sùúrù lọ. Ohun tí ó ṣòro ni ohun tí ń tẹ̀lé e, òun sì ni ó kan ìyá jù lọ.

Ọmọ ọwọ́ àti ejò

Ewu tí ó tóbi jù lọ nínú sísin erè ọba kì í ṣe pé yóò bu ọmọ jẹ. Kòkòrò àrùn kan wà tí a ń pè ní Salmonella, tí ó ń gbé nínú ìfun ejò, aláǹgbá àti ìjàpá. Ara ejò náà lè yá gágá, kí awọ rẹ̀ máa dán, kí kòkòrò náà sì wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀ àti lára awọ rẹ̀. Bí ó bá wọ ẹnu ènìyàn, ó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, ibà àti inú rírun. Lára ọmọ ọwọ́, ó lè wọ inú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè dé ibi tí ó bo ọpọlọ, kí ó sì gba ẹ̀mí.

Ọmọ kò nílò láti fi ọwọ́ kan ejò kí ó tó kó àrùn yìí. Ọwọ́ bàbá tí ó nu àpótí lè gbé e wá. Aṣọ tí ẹ̀gbọ́n wọ̀ nígbà tí ó gbé ejò lè gbé e wá, bẹ́ẹ̀ ni ibi ìfọ-abọ́ tí a ti fọ ike omi ejò. Ìdí nìyí tí àwọn aláṣẹ ìlera ní Amẹ́ríkà fi gbani nímọ̀ràn pé ilé tí ọmọ tí kò tó ọdún márùn-ún bá wà kò gbọdọ̀ ní ejò tàbí ẹranko tí ó bá a tan. Wọ́n ní kí àgbàlagbà tí ó ti lé ní ọdún 65 àti ẹni tí àìsàn ti sọ ara rẹ̀ di aláìlágbára náà ṣọ́ra fún un. Ẹ rántí ìyá àgbà tí yóò wọkọ̀ òfuurufú wá wẹ ọmọ tuntun. Láti ọdún 1975 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti fòfin de títa ìjàpá kéékèèké tí àwọn ọmọdé ń fi sẹ́nu, nítorí àrùn yìí kan náà.

Bí gbogbo ọmọ inú ilé bá ti dàgbà tó, tí ìyá sì gbà, àwọn òfin wọ̀nyí kò ṣeé fi ṣeré:

1. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fọwọ́ kan ejò, ẹyin rẹ̀ tàbí àpótí rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

2. Ejò àti àpótí ẹyin kò gbọdọ̀ wọ ilé ìdáná, tàbí ibi tí a ti ń jẹun. Garawa tirẹ̀ àti kànìnkànìn tirẹ̀ ni kí a fi máa fọ nǹkan rẹ̀.

3. Òkú eku dídì ni púpọ̀ nínú wọn fi ń bọ́ ejò. Kò gbọdọ̀ bá ẹran àti ẹja ilé gbé nínú fírísà kan náà.

4. Àpótí gbọ́dọ̀ ní àgádágodo. Ejò mọ bí a ti ń wá àlàfo.

5. Ọmọdé kò gbọdọ̀ fi ẹnu ko ejò lẹ́nu, kò sì gbọdọ̀ dá gbé e láìsí àgbà nítòsí.

Ọdún pípẹ́ àti ìnáwó

Erè ọba tí a bá tọ́jú dáadáa lè lo ogún sí ọgbọ̀n ọdún. Ní ọdún 1961 ni wọ́n gbé ọ̀kan wá sí ọgbà ẹranko ìlú Saint Louis ní Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 23 oṣù Júláì ọdún 2020, nígbà tí wọ́n gbà pé ó ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún, ó yé ẹyin méje, bẹ́ẹ̀ ni kò tí ì sí akọ kankan lọ́dọ̀ rẹ̀ fún ohun tí ó ju ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Àwọn onímọ̀ mọ̀ pé abo ejò mìíràn lè yé ẹyin tí ó lọ́mọ láìsí akọ, tàbí kí ó fi omi ara akọ pamọ́ sínú fún ìgbà pípẹ́.

Kí ìyá fi ọ̀rọ̀ yìí ṣírò. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí ó ń bẹ̀bẹ̀ fún ejò lónìí lè ti di ẹni ogójì ọdún kí ejò náà tó kú. Bí ó bá lọ sí yunifásítì, ta ni yóò máa bọ́ ọ? Bí abo bá sì pamọ méje, àpótí méje ni, iná mànàmáná méje ni, oúnjẹ méje ni. Àwọn kan ń retí owó nínú rẹ̀, pàápàá nítorí àwọ̀. Ní ọdún 1992 ni ọ̀gbẹ́ni Bob Clark ní Amẹ́ríkà mú erè ọba àfín bí nínú ilé fún ìgbà àkọ́kọ́, láti ìgbà náà sì ni àwọn ènìyàn ti ń wá oríṣiríṣi àwọ̀. Àwọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní spider, ó lẹ́wà púpọ̀, ṣùgbọ́n àbùkù tí ó ń mú orí ejò gbọ̀n, tí kò sì jẹ́ kí ó lè dúró déédéé, bá àwọ̀ náà wá. Lónìí, àwọn tí ń tà ti pọ̀, àwọn ẹgbẹ́ tí ń ṣàánú ẹranko sì ń gba ejò tí olówó wọn ti kọ̀ sílẹ̀.

Òfin náà yàtọ̀ láti ibì kan sí èkejì. Ní Hawaii, ẹ̀ṣẹ̀ ni láti sin ejò sínú ilé. Ẹni tí ó bá sì háyà ilé gbọ́dọ̀ bi onílé léèrè kí ó tó mú un wọlé.

Àwọn tí ó kù nínú igbó wa

Láti ọ̀pọ̀ ọdún wá ni wọ́n ti ń kó erè ọba láti Gánà, Tógò àti Benin lọ sí òkè òkun. Àwọn ọdẹ a gbẹ́ ihò, wọn a mú abo tí ẹyin wà nínú rẹ̀ tàbí kí wọ́n kó ẹyin. Àwọn oníṣòwò a mú ẹyin náà pa, wọn a sì ta ọmọ rẹ̀. Ètò tí wọ́n ṣe ni pé kí a dá abo àti díẹ̀ nínú ọmọ padà sínú igbó, àdéhùn àgbáyé tí à ń pè ní CITES sì ń ṣàkóso òwò náà. Ṣùgbọ́n abo tí ó ń yé mẹ́fà péré kì í tètè dípò ara rẹ̀. Ní ìlú Ouidah ní Benin, níbi tí ilé òrìṣà erè wà ní ọ̀kánkán ìjọ Àgùdà, èèwọ̀ ni láti pa á. Àgbẹ̀ tí eku ń jẹ àgbàdo rẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rẹ́ òun ni.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé níhìn-ín, ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá rí ẹyin ejò lóko tàbí lẹ́yìn ilé, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ kó o wálé pé òun fẹ́ sàba rẹ̀. Ṣèbé náà ń yé ẹyin funfun rírọ̀, ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ kò sì lè fi ojú mọ ìyàtọ̀. Ọmọ ṣèbé ti ní oró lọ́jọ́ tí ó jáde nínú ẹyin. Ẹ kó àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀, kí ẹ sì pe ẹni tí ó mọ̀ nípa rẹ̀.

Ní ti ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun, bí ọmọ bá béèrè, ẹ má ṣe fi ariwo dá a lóhùn. Ẹ mú un jókòó, kí ẹ sì bá a ka ohun tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan: ọdún rẹ̀, oúnjẹ rẹ̀, ìmọ́tótó rẹ̀, àti ọmọ méje tí yóò wá ilé gbé. Bí àbúrò rẹ̀ kò bá tí ì pé ọdún márùn-ún, ẹ sọ fún un pé kí ó mú sùúrù títí àbúrò rẹ̀ yóò fi dàgbà. Ọmọ tí a bá fi ìdí ọ̀rọ̀ hàn kì í bínú pẹ́, yóò sì ti kọ́ pé ẹni tí ó bá mú ohun ẹlẹ́mìí wọlé ti gba ẹrù tí kò ṣeé sọ̀ ní kánmọ́kánmọ́.